Kí ló gbé ìrẹsì wa gba Kútọnu?

Ní ọdún 2017, àwọn tó ń ta ìrẹsì sókè òkun láti ilẹ̀ Thailand kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8 tọ́ọ̀nù ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè Benin. Gbogbo ènìyàn tó wà ní Benin nígbà náà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 lọ. Ẹ bá mi pín in. Ó lé ní kílò 150 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àtọmọ ọwọ́ àtarúgbó. Àpò ńlá mẹ́ta lórí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣì ń pọ̀n. Ti Thailand nìkan sì ni mo kà yìí. Ọkọ̀ ojú omi láti Íńdíà náà ń já ìrẹsì sí èbúté Kútọnu kan náà.

Ìrẹsì funfun tí wọn kò bọ̀ kí wọ́n tó bó èèpo rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Benin fẹ́ràn. Ìrẹsì bíbọ̀, èyí tí kì í lẹ̀ mọ́ra bó bá jinná, tí à ń fi se jọ̀lọ́ọ̀fù, ló pọ̀ nínú ohun tí ọkọ̀ wọ̀nyẹn ń já. Àwa Nàìjíríà la ni ín.

Ní 2014, àwọn oníṣòwò Thailand kan náà ta ohun tó lé ní mílíọ̀nù 1.2 tọ́ọ̀nù fún Nàìjíríà tààrà. Ní 2016, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé Nàìjíríà rà lọ́wọ́ wọn kò tó 60,000 tọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá ka ìwé yẹn láì mọ ilẹ̀ wa yóò rò pé a ti jáwọ́ nínú ìrẹsì. Bẹ́ẹ̀ ìkòkò ìrẹsì kò kúrò lórí iná wa lọ́jọ́ kan. Ọ̀nà ló yí padà: ìrẹsì tó ń gba Àpápá wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í gba Kútọnu.

Òfin ìjọba ló darí rẹ̀ gba ibẹ̀. Ní 2013, wọ́n gbé owó ibodè orí ìrẹsì sókè dé ìdá 110 nínú 100. Ìyẹn ni pé bí o bá ra ìrẹsì 100 náírà, wàá san 110 lé e kí o tó gbé e kúrò ní èbúté. Wọ́n dín in kù lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ó ṣì ga ju ti aládùúgbò lọ fíìfíì. Ní oṣù kẹfà 2015, CBN, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ka ọjà 41 sílẹ̀ tí òun kò ní í ta dọ́là fún ẹnikẹ́ni láti fi rà wọlé, ìrẹsì sì wà níbẹ̀. Ní 2016, wọ́n fòfin de kíkó ìrẹsì gba orí ilẹ̀ wọlé. Ohun tí ìjọba ń rò ni pé bí ti òkèèrè bá wọ́n, àgbẹ̀ ilé yóò rí èrè, yóò sì gbìn sí i. Èrò náà kò burú. Ṣùgbọ́n Benin ní tirẹ̀ kò gba owó ibodè tó bẹ́ẹ̀, nítorí èbúté Kútọnu àti ọjà tó ń ti ibẹ̀ lọ sí Nàìjíríà wà lára ohun tí ìjọba wọn fi ń gbọ́ bùkátà. Níbi tí owó ibodè ìlú méjì tó múlé ti ara wọn bá ti jìnnà síra báyìí, èrè ti wà nínú igbó, ẹnì kan yóò sì lọ gbé e.

A ti ní orúkọ fún òwò náà tipẹ́: fàyàwọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ti rí ènìyàn tó ń fi àyà wọ́ lóru kí aṣọ́bodè má baà rí i. Lóde òní ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn, àpò mẹ́rin márùn-ún á wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí ọkọ̀ ògbólógbòó tí wọ́n ti yọ gbogbo àga inú rẹ̀, tí ìrẹsì kún dé òrùlé, tó ń sá eré àsápajúdé gba Ìdí-Ìrókò, gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, gba etí ọ̀sà Badagry. Àwọn ará abúlé tó wà lójú ọ̀nà náà mọ ìró ọkọ̀ yẹn bí wọ́n ṣe mọ ìró ìbọn tó sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ìbọn àṣìta ti pa ẹni tí kò rà, tí kò tà.

Ààlà yìí gan-an, àwọn ará ibẹ̀ kọ́ ló pa á. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ìwé pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ara ilẹ̀ Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ẹlòmíràn wà ní ìhín, oko bàbá rẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ti ń bá Badagry àti Èkó ná ọjà kí ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù tó délẹ̀. Nígbà tí olóṣèlú bá dúró ní Àbújá tó ní kí wọ́n ti ibodè, àárín ẹbí ló ń tì yẹn.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ìrẹsì fi wá di ohun tí à ń torí rẹ̀ ti ibodè? Oúnjẹ ọdún ni ìrẹsì fún àwọn òbí wa àgbà: ọdún Kérésì, ọdún Iléyá, ìgbéyàwó. Iyán, àmàlà, ẹ̀bà àti ẹ̀kọ ló ń gbé ọjọ́ yòókù ró. Owó epo rọ̀bì ìgbà 1970 ló yí ọ̀rọ̀ padà. Náírà lágbára, ìrẹsì òkèèrè wọ́ pọ́ọ́kú, àwọn ènìyàn sì ń ṣí lọ sí ìlú ńlá. Obìnrin tó gbọ́dọ̀ jí ní agogo mẹ́rin ìdájí kó lè rí mọ́tò wọ̀ ní Èkó kò ráyè gún iyán. Ìrẹsì yá sè, ó ń wú nínú ìkòkò, ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Ìran kan tọ́ ọ wò, ìran tó tẹ̀ lé e kò mọ ìgbà tí kò sí. Láti àárín àwọn ọdún 1980 títí di 1995, òfin wà pé ìrẹsì òkèèrè kò gbọdọ̀ wọlé rárá. Ó ń wọlé. Ibodè kan náà ló sì ń gbà.

Iye wa náà wá ń pọ̀ sí i. Ìkànìyàn 1963 ní a jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 55. Ti 2006 ní a lé ní mílíọ̀nù 140. A kò tíì ka ara wa láti ìgbà náà, ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé la wá ń lò: a ti kọjá mílíọ̀nù 220, wọ́n sì ń retí pé a ó lé ní mílíọ̀nù 350 ní 2050. Ìrẹsì tí à ń jẹ lọ́dún tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 7 tọ́ọ̀nù. Èyí tó ń ti oko wa jáde lẹ́yìn tí a bá bó èèpo rẹ̀ tán kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 lọ. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni ọ̀kadà ń gbé gba inú igbó.

Bí àwọn kan bá gbọ́ iye yìí, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ọmọ tí à ń bí ló pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní 1798, Thomas Malthus, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ ọ́ sílẹ̀ pé iye ènìyàn yóò máa sáré ju oúnjẹ lọ títí ebi yóò fi dín wọn kù. Nígbà náà, gbogbo ènìyàn tó wà láyé kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù kan lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé a ti pé bílíọ̀nù 8, oúnjẹ tí ayé ń gbìn lónìí sì pọ̀ fún orí kan ju ti ìgbà Malthus lọ. Mi ò sọ pé iye kò já mọ́ nǹkan. Ó já mọ́ nǹkan púpọ̀ fún ìlú tí kò ní ilé ìwé tó, tí kò ní omi tó. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀sùn ìrẹsì kan ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà ní Ìpókíá létí ibodè, a ti dá ẹni tó yẹ ká bi ní ìbéèrè sílẹ̀.

Ẹ wo Vietnam. Ilẹ̀ wọn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ Nàìjíríà lọ, wọ́n sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 ènìyàn. Ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n ṣì ń ra ìrẹsì láti òde. Ní 1986, ìjọba wọn yí ètò ọrọ̀ ajé padà, àgbẹ̀ gba ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tó ń ro àti lórí ohun tó bá kórè níbẹ̀. Kí 1989 tó parí, wọ́n ti ń ta ìrẹsì fún ayé, wọn kò sì tíì dáwọ́ dúró. Hẹ́kítà kan ń fún wọn ní nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 6 ìrẹsì eléèpo. Tiwa ń fún wa ní nǹkan bíi 2. Ilẹ̀ wa kò gbẹ, apá wa kò sì kúrú. Omi àti irúgbìn ni ìyàtọ̀ náà: ọ̀pọ̀ oko ìrẹsì wọn ní ojú omi tí wọ́n là sínú rẹ̀, wọ́n lè gbìn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Òjò ni púpọ̀ nínú tiwa ń wò.

Bí òjò náà bá sì wá, ó lè wá ju bó ṣe yẹ lọ. Ìkún omi 2022 pa ohun tó lé ní 600 ènìyàn káàkiri Nàìjíríà, ó lé àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé, ó sì bo oko ìrẹsì ní Kebbi, Nasarawa àti ní etí odò Ọya òun Benue nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀. Àgbẹ̀ tó yá owó gbìn ín kò rí nǹkan kó. Ní Zabarmari, ní ìpínlẹ̀ Borno, ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá 2020, àwọn agbésùnmọ̀mí ká àwọn àgbẹ̀ mọ́ inú oko ìrẹsì níbi tí wọ́n ti ń kórè, wọ́n sì pa wọ́n. Ó kéré tán, òkú 43 ni wọ́n sin lọ́jọ́ kejì. Mo máa ń rántí wọn nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ní Èkó ń sọ pé àwọn àgbẹ̀ wa ń ṣe ọ̀lẹ.

Owó kò ṣàìsí. Ní oṣù kọkànlá 2015, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ètò ẹ̀yáwó CBN fún àgbẹ̀ ní Birnin Kebbi, iye tí wọ́n sì yá jáde lábẹ́ rẹ̀ ju tírílíọ̀nù kan náírà lọ. Ó so èso níbẹ̀rẹ̀. Ní Kérésì 2016, Èkó àti Kebbi pawọ́ pọ̀ gbé ìrẹsì LAKE jáde, 12,000 náírà ni wọ́n ta àpò kílò 50, àwọn ènìyàn sì tò fún un láti òwúrọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń bó ìrẹsì pọ̀ sí i, òkúta inú ìrẹsì ilé sì dín kù débi pé ọ̀pọ̀ ìdílé kò fi ọ̀sán odidi ṣà á mọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ẹ̀yáwó náà kò padà, àwọn kan tí kò ní oko sì gbà nínú rẹ̀. Owó pọ̀ ju omi àti ààbò lọ nínú ètò náà.

Ẹlòmíràn yóò ní kí ló wá burú níbẹ̀, ṣé a kò lè máa rà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbìn ni? Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fẹ́ fò ó. Nínú gbogbo ìrẹsì tí ayé ń gbìn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló ń kọjá ààlà láti ìlú kan sí òmíràn. Ẹni tó gbìn ín ló ń jẹ ìyókù. Ọjà náà tín-ín-rín, ìlú mélòó kan ló sì dì í mú: Íńdíà nìkan ń ta nǹkan bí ìdá 40 nínú 100. Bí ẹ̀rù bá ba ìjọba ìlú bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn tirẹ̀, ó lè ti ilẹ̀kùn láàárín alẹ́ kan. Ní 2008, Íńdíà àti Vietnam dín títà kù, tọ́ọ̀nù ìrẹsì Thailand kan sì fò kọjá 1,000 dọ́là. Ní oṣù keje 2023, Íńdíà tún fòfin de títa ìrẹsì funfun rẹ̀, wọn kò sì ṣí i títí di oṣù kẹsàn-án 2024. Mi ò lè bú wọn. Ọmọ wọn ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́. Ẹni tó wà nínú ewu ni ìlú tó lé ní mílíọ̀nù 220 ènìyàn, tó fi ìkòkò rẹ̀ sábẹ́ ìpinnu tí wọ́n ń ṣe ní New Delhi.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ibodè ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ 2019, ẹ̀rù tó bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù àsọdùn. Buhari sọ ọ́ fún Ààrẹ Patrice Talon ti Benin nígbà tí wọ́n pàdé ní Yokohama, ní Japan, lóṣù kan náà: fàyàwọ́ ìrẹsì ń ba iṣẹ́ àgbẹ̀ òun jẹ́. Kò tó oṣù méjì ṣáájú, ní Niamey, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí AfCFTA, àdéhùn tí yóò sọ Áfíríkà di ọjà kan. ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1975, sì ti ní àdéhùn láti 1979 pé kí ọmọ ẹgbẹ́ máa wọlé wọ̀de láìsí ìdènà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan bọ́ sórí ibodè Sèmè. Ọkọ̀ akẹ́rù tò fún kìlómítà. Tòmátò àti ọ̀pẹ òyìnbó àwọn àgbẹ̀ Benin, tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà, jẹrà nínú ọkọ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, àwọn aṣọ́bodè tún pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Ìdí ni pé epo tiwa, tí ìjọba ń san ìrànwọ́ lé lórí, ń jáde gba ọ̀nà tí ìrẹsì ń gbà wọlé. Òun ni wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì ní Benin, tí wọ́n ń pè ní kpayo. Ọ̀kadà á gbé epo lọ, á gbé ìrẹsì bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìpókíá, Ìdí-Ìrókò àti Ìmẹ̀kọ-Afọ̀n ń gbé nínú kìlómítà 20 yẹn. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta, ẹni tó ní mọ́tò èrò, ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ tan iná ilé ìwòsàn kékeré, wọ́n ní láti rin ìrìn àjò kí wọ́n tó ra jálá epo kan nínú ìlú wọn. Wọ́n fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà torí pé ilé rẹ̀ wà létí.

Oṣù mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi ti ibodè. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá 2020, wọ́n ṣí mẹ́rin, Sèmè wà nínú rẹ̀. Ìrẹsì kò jẹ́ ohun àjèjì lọ́jà fún ọjọ́ kan ní gbogbo àkókò náà. Ó kàn wọ́n sí i. Àpò tí kò tó 20,000 náírà kí wọ́n tó ti ibodè ti kọjá iye yẹn kí ọdún 2019 tó parí, ẹni tó ń ra dérìkà kan lọ́jọ́ kan ló sì san án jù. Àwọn ọ̀gá fàyàwọ́ kò san nǹkan kan. Ewu tó pọ̀ sí i, wọ́n fi sórí ọjà.

Lẹ́yìn náà ni 2023 dé. Wọ́n yọ ìrànwọ́ orí epo, wọ́n jẹ́ kí náírà bọ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, CBN mú òfin orí ọjà 41 yẹn kúrò, ṣùgbọ́n dọ́là ti wọ́n débi pé ẹni tí wọ́n ṣí ọ̀nà fún kò rówó rìn ín. Ní 2024, àpò ìrẹsì kan kọjá 80,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ọjà, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ 30,000 kó tó di 70,000 ní oṣù keje. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn nígbà náà kò lè fi odidi owó oṣù ra àpò ìrẹsì kan.

Ní oṣù kejì ọdún náà, àwọn aṣọ́bodè kó lára ìrẹsì fàyàwọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ jáde ní Yaba, ní Èkó, wọ́n ní 10,000 náírà ni àpò kílò 25. Èrò wọ́ wá láti òru. Nígbà tí ìrẹsì fẹ́ tán, ogunlọ́gọ̀ ya, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ẹ̀mí ènìyàn sì sọnù. Àwọn tó kú ni ẹni tí a ní a torí wọn ti ibodè, tí a torí wọn gba ìrẹsì náà lọ́wọ́ onífàyàwọ́. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin ààbọ̀ lẹ́yìn òfin tó yẹ kó mú kí ìrẹsì ilé pọ̀, ènìyàn kú lórí ìrẹsì òkèèrè nínú ọgbà ìjọba.

Ní oṣù keje 2024, ìjọba kéde pé fún ọjọ́ 150, ìrẹsì, àgbàdo, wíìtì àti ẹ̀wà lè wọlé láìsan owó ibodè. Àwọn onílé iṣẹ́ ìrẹsì figbe ta pé wọ́n fẹ́ pa àwọn. Ní 2025, owó oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lọ́jà, Íńdíà ti ṣílẹ̀kùn, ìrẹsì sì ti pọ̀ láyé. Àwọn àgbẹ̀ tó ra ajílẹ̀ ọ̀wọ́n ní àárín ọdún tó ṣáájú wá ń tà á ní àdánù. Àgbẹ̀ tó pàdánù lọ́dún yìí kò ní í gbìn tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: à ń ti ibodè nígbà tí ebi ń pa ará ọjà, à ń ṣí i nígbà tí àgbẹ̀ fẹ́ kórè, kò sì sí ẹni tó lè fi ọdún mẹ́ta gbáko gbé ètò oko rẹ̀ lé òfin kan.

Èkó ní ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá kan ní Ìmọ̀ta báyìí, tí wọ́n ṣí ní oṣù kìn-ín-ní 2023. Ẹ̀rọ ibẹ̀ lè bó tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, wọ́n sì ní bó bá ṣiṣẹ́ dé góńgó, yóò máa gbé nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 àpò kílò 50 jáde lọ́dún. Mo ṣírò rẹ̀: 125,000 tọ́ọ̀nù. Kò tó ìdá 2 nínú 100 ohun tí Nàìjíríà ń jẹ. Ìrẹsì eléèpo tí ẹ̀rọ náà yóò sì bó, Èkó kò ní ilẹ̀ tó lè gbìn ín tó. Láti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ló gbọ́dọ̀ ti wá, láti oko tó ń wo òjò, ní ojú ọ̀nà tí àwọn ajínigbé wà. Ilé ẹ̀rọ ti dúró. Odò Ọya ń ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tí a kò la omi rẹ̀ dé.